Ọwọ́ Òsì ní Ṣọ́ọ̀bù Fọlájìmí

Ọdún mọ́kànlá ni Silas Ògúnlàdé fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Ọmọ Ìkirè ni. Ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ àfọ́kù ike ni wọ́n fi í sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ike há sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Silas pa á, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti yọ ohun tó há, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹnìkan tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ tan ẹ̀rọ padà. Kí wọ́n tó tún pa ẹ̀rọ náà, ìka méjì ti kúrò lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti èyí tó wà láàárín.

Kọ́ńpìnì sanwó ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún un, wọ́n sì ní kó máa lọ sinmi nílé. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà náà. Lucy ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wọn, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì fi í sínú àpótí. Yàrá méjì ni àwọn àti Ọpẹ́mipọ̀, ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń gbé ní Ìjù.

Irùngbọ̀n ló gbé Silas dé ọ̀dọ̀ Fọlájìmí. Ọwọ́ tó fi ń fá a tẹ́lẹ̀ ló wà nínú báńdééjì, irùngbọ̀n náà sì ti kún bí igbó. Lucy ní kó lọ wá agẹrun. Ó wọ ọkọ̀ dé Toll Gate, ó rí ṣọ́ọ̀bù kan tó ní àga mẹ́ta àti dígí gbàǹgbà kan tó gba ògiri kan tán, ó wọlé. Wọ́n fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán, kò lọ sílé. Ó sún sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wòran. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sí irun tí wọn yóò fá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Fọlájìmí tó ni ṣọ́ọ̀bù yíjú sí i.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ń dúró de ẹnìkan ni?"

"Rárá. Iṣẹ́ yín ni mò ń wò."

"Kò sí ìran nínú rẹ̀ o."

"Mo fẹ́ kọ́ ọ ni."

Fọlájìmí pa kílípà ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ojú Silas, ó wo báńdééjì. "Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí," ó ní. "Ọmọ iṣẹ́ ló ń gbálẹ̀ níbí. Òun náà ló ń fọ tówẹ̀lì. Bí mo bá ní kí ẹ lọ gbé omi wá, ṣé ẹ ó lọ?"

"N ó lọ."

"Bí mo bá bá yín wí lójú oníbàárà ńkọ́?"

"Ẹni tó ń bá mi wí níbi tí mo ti ń bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. 'Ìwọ yìí' ló máa ń pè mí. Kò pa mí."

Wọ́n fẹnu kò sí ọdún kan àti ààbọ̀. Silas ń pe Fọlájìmí ní Ọ̀gá, Fọlájìmí ń pè é ní Bọ̀dá Silas, àwọn méjèèjì sì ń fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù náà kì í mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn títí yóò fi rí ẹni tó mú ìgbálẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni kò fi kan orí ẹnikẹ́ni. Ó ń gbá irun ilẹ̀, ó ń sá tówẹ̀lì, ó ń fi sípíríìtì nu kílípà, ó ń ta epo sí i lẹ́nu. Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Ọmọbìnrin yìí ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó wá iṣẹ́ títí kò rí, ló bá wá kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì fẹ́ràn àwáwí. Bí Silas bá nu kílípà tí irun bíńtín kù lára rẹ̀, á gbé e padà fún un láìsọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná tán, tí Fọlájìmí sì gbé kílípà fún un, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka kéékèèké méjì kò lè di ẹ̀rọ náà mú. Bó bá ti tàn án, á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ títí á fi já bọ́. Ó gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi rọ́bà so ó mọ́ ọwọ́, kò ṣeé ṣe. Fọlájìmí ń wò ó.

"Bọ̀dá Silas, òsì ló kù o."

"Mi ò fi òsì ṣe nǹkan kan rí, Ọ̀gá. Fífi òsì mú nǹkan, wọ́n nà mí nítorí rẹ̀ ní kékeré."

"Wọn ò ní nà yín níbí."

Òsì náà ya òpè. Bí Fọlájìmí bá ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yí ọrùn ọwọ́ nídìí etí, Silas á gbìyànjú láti yí i padà nínú ọkàn rẹ̀, orí rẹ̀ á dàrú. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó gbójú sókè wo dígí. Nínú dígí náà, Fọlájìmí tó wà níbẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì gẹ irun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì. Silas dìde dúró, ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó sì ń ṣe ohun tí ẹni inú dígí ń ṣe, bó ti ń gbé ọwọ́ sókè tí òun náà ń gbé e. Oníbàárà tó wà lórí àga rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Láti ọjọ́ yẹn, Silas kò wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ́. Dígí ló ń wò.

Nílé, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bàlúùnù, ó ń fi ìfófòó ọṣẹ kùn ún, ó ń fi abẹ fá a kúrò. Bí ọwọ́ bá wúwo, bàlúùnù á bẹ́. Ọpẹ́mipọ̀ ló ń bá a dì í mú, ọṣẹ sì ń ta sí i lójú. Ó tó oṣù kan kí ọ̀kan tó là á já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ irun àwọn ọmọ ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn wọn àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù tí kò bìkítà. Fọlájìmí dúró tì í, ó ń tún un ṣe níbi tó bá ti wọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó ń dá gẹ irun ẹni tó bá fẹ́ kó rẹlẹ̀ dọ́gba.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ṣọ́ọ̀bù kún. Fọlájìmí àti Ayọ̀kúnnúmi wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí wọlé. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń wá gẹ irun. Àga kẹta ṣófo.

"Bọ̀dá Silas, ẹ bá mi gẹ irun bàbá," Fọlájìmí wí.

Silas ta aṣọ ìbora sí bàbá lára, ó so ó lọ́rùn, ó mú kílípà. Bàbá ń wò ó nínú dígí.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ọwọ́ òsì ni, bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni ẹ̀rọ—"

"Mo ti rí i. Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a tún rí irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ òsì ṣe orí mi. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ó tú aṣọ náà lọ́rùn fúnra rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ọmọbìnrin yẹn ni kó ṣe mí. N ó dúró dè é." Ó sì dúró ní tòótọ́, ó tó wákàtí kan.

Àwọn ọkùnrin méjì mìíràn wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Nígbà tí Silas pè wọ́n sí àga, wọ́n ní àwọn náà ń dúró de Ọ̀gá. Silas ló gẹ irun ọ̀kan nínú wọn lóṣù tó kọjá.

Ohun tó dun Silas jù ni pé bàbá náà kò bínú. Ká ní ó bú u ni, òun náà ì bá fi ìbínú gbé e kúrò lọ́kàn. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá irun ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ní òun ń lọ jẹun. Kò padà wá.

Ní Ọjọ́ Ajé, ó múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń béèrè bóyá wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì. Níbi gbogbo, wọn á kọ́kọ́ dá a lóhùn dáadáa, lẹ́yìn náà ojú wọn á bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀ kó tó sọ fún Lucy.

"Ẹ ti sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ kò wá mọ́?" Lucy bi í.

"Kí ni kí n sọ?"

"Pé ẹ kò wá mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ á máa retí yín, Dádì Ọpẹ́."

Silas yíjú sí ògiri. Lucy mú fóònù, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nígbà tí Fọlájìmí kan ilẹ̀kùn. Ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dé fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Silas, nítorí pé wọn kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Lucy gbé omi fún un. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó ṣí fìlà. Irun rẹ̀ ti kún, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti kàn án.

"Mo wá gẹ irun ni," ó ní.

"Ta ni yóò gẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ayọ̀kúnnúmi ńkọ́?"

"Mi ò mú Ayọ̀kúnnúmi wá."

Silas mi orí. "Ọ̀gá, orí yín ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó jókòó. Bí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Á hù padà. Ìka ni kì í hù."

Lucy gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ náà wọ Silas lára, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé yóò lé e jáde. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìka rẹ̀ ti lọ, kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ sí i lójú bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń fi ọ̀rọ̀ bò ó. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ gbé àga jáde," ó ní.

Ẹ̀gbẹ́ kànga ni wọ́n gbé àga sí. Kílípà náà ní bátìrì, kò nílò iná. Àwọn ará ilé jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn, ọ̀kan ń ṣa ẹ̀wà, ọ̀kan gbọ́mọ pọ̀n. Silas fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di orí Fọlájìmí mú, àtàǹpàkò níhà kan, ìka méjì tó kù níhà kejì, ó sì fi òsì mú ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó ń gòkè. Irun ń jábọ́ sórí aṣọ. Kò sí dígí níwájú rẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tí yóò wò ṣe. Nígbà tó débi etí, èjìká rẹ̀ le.

"Ẹ mí," Fọlájìmí wí.

Ó mí. Ohun kan ṣoṣo tí Fọlájìmí sọ nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Silas fi òòyà gbé irun òkè, ó gé e lulẹ̀, ó fi abẹ tọ́ ìlà iwájú orí. Lẹ́yìn etí ọ̀tún, abẹ náà gé e díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ tó orí abẹ́rẹ́. Silas dúró. Fọlájìmí kò mira. Silas fi òwú nù ún, ó fi sípíríìtì sí i, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọpẹ́mipọ̀ di dígí kékeré mú fún un. Fọlájìmí yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ."

"Mo rí i."

"Ẹ mú un dọ́gba."

Silas mú un dọ́gba. Fọlájìmí gbọn aṣọ, ó palẹ̀ báàgì mọ́, ó jẹ ìrẹsì tí Lucy bù fún un. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó ní, "Aago mẹ́jọ lọ́la o, Bọ̀dá Silas. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ti dọ̀tí."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó kéré tán èèyàn mẹ́wàá ló bi Fọlájìmí léèrè ẹni tó gẹ irun rẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé kì í ṣe bí Ayọ̀kúnnúmi ṣe ń ṣe é. Fọlájìmí kò ṣàlàyé. Á fi ẹnu tọ́ka sí Silas, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn kan jókòó sí àga kẹta lẹ́yìn náà. Àwọn mìíràn kò jókòó síbẹ̀ rí. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí wà lára àwọn tí kò jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń dé, tó ń dúró de Ayọ̀kúnnúmi, tó sì ń béèrè àlàáfíà Ọpẹ́mipọ̀ lọ́wọ́ Silas. Silas á nu bẹ́ǹṣì fún un, á dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò tún dùn ún mọ́.

Kí ọmọ iṣẹ́ tó gba fírídọ̀mù ládùúgbò náà, ó gbọ́dọ̀ gẹ irun ẹnìkan lójú àwọn olóyè ẹgbẹ́ agẹrun. Silas kùnà nígbà àkọ́kọ́. Ìlà iwájú orí ẹni tí wọ́n fún un wọ́, ojora sì jẹ́ kó tún máa tọ́ ọ títí ìlà náà fi sún wọ inú irun. Alhaji Láwàlì, alága ẹgbẹ́, wò ó, ó ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún ẹnìkan pé ọkọ̀ ti lọ. Fún oṣù méjì, ìlà iwájú orí nìkan ni Silas ń ṣe. Nígbà tó padà, Alhaji fi ìka tọ́ ìlà náà láti etí kan dé èkejì, ó ní, "Ó ti tó."

Ní ọjọ́ fírídọ̀mù, wọ́n ta ìbòrí síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àṣà ni pé kí ọmọ iṣẹ́ kúnlẹ̀, kí ọ̀gá gbọ́wọ́ lé e lórí, kó súre fún un. Nígbà tó kan èyí, Fọlájìmí fà sẹ́yìn.

"Alhaji, ẹ bá mi ṣe é. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́wọ́ lé e lórí?"

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" Alhaji bi í.

"Èmi ni, sà."

"Ọjọ́ orí lo fi kọ́ ọ?"

Kí Fọlájìmí tó mọ ohun tí yóò ṣe, Silas ti kúnlẹ̀, Lucy ti kúnlẹ̀ tì í. Fọlájìmí na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé wọn lé Silas lórí. Àdúrà rẹ̀ kúrú. Ó ní ọwọ́ Silas kò ní wúwo lórí ẹnikẹ́ni, àrùn kò ní tipasẹ̀ abẹ rẹ̀ wọ ara ọmọ ọlọ́mọ, kò sì ní ṣe iṣẹ́ náà kó má jèrè rẹ̀. Wọ́n ṣe àmín. Bí wọ́n ti ṣe é tán, Fọlájìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Silas, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Silas gbé e dìde, ó sì dì í mú lápá títí ẹ̀rín náà fi rọlẹ̀.

Ìjù ló ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí, ojú ọ̀nà, kò jìnnà sílé. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó láti aago mẹ́jọ, kò sí ẹni tó yà. Lucy ń ti ilé ìwé bọ̀ ní ọ̀sán, ó bá a tó ń nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní kó má dààmú, ó kọjá lọ sílé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lu aago mẹ́rin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan, ìyẹ̀fun funfun sì wà lójú àti nínú irun rẹ̀. Ó ní láti àná lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó jókòó, ó ní kí Silas gé e mọ́lẹ̀. Silas mú kílípà. Ó ń dúró kí ọkùnrin náà wo inú dígí, kó béèrè ọwọ́ wo nìyẹn. Kò béèrè. Oorun ti gbé e lọ.

Orí rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó wúwo sórí ọwọ́ ọ̀tún Silas, lórí ibi tí ìka méjì náà wà tẹ́lẹ̀. Silas gbé e ró. Ó gẹ irun náà díẹ̀díẹ̀, ó ń yí orí náà jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ń gbé e sókè, kó má bàa jí. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ kó pẹ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ro ó, kò gbé e kúrò. Nígbà tó parí, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká.

Ọkùnrin náà jí, ó fọwọ́ pa orí, ó tẹjú mọ́ dígí.

"Ẹ ẹ̀ jí mi," ó ní.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ó tún fọwọ́ pa orí, láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Aago mélòó lẹ máa ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé? Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ilé."

"Aago méje," Silas wí, ó sì gbọn aṣọ ìbora náà síta.